Àríyànjiyàn Lórí Wíwà Ọlọ́hun: Ẹ̀kọ́ Inú Sinimá Kan fún Àwa Òbí



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Allah, Ọba tí ó dá sánmà àti ilẹ̀, tí ó sì dá ẹ̀mí wa sí láti bá oṣù Ráámàdánì yìí. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀ lé wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń gbọ́ wa ní Ajégúnlẹ̀, ní Àpápá, ní Kirikiri àti níbi gbogbo tí ohùn wa dé, a kí yín kú ààwẹ̀ o, ẹ kú ìfaradà. Bí a ti ń retí àkókò ìṣínu yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń gbé wa lọ́kàn tí a fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ sinimá ni. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé àáfà ń sọ ọ̀rọ̀ sinimá nínú oṣù ààwẹ̀. Ohunkóhun tí ọmọ wa bá ń wò lábẹ́ òrùlé wa, ọ̀rọ̀ wa ni, yálà a fẹ́ tàbí a kọ̀.

Ní Ráámàdánì tí ó kọjá, lẹ́yìn ìrun àsárì, bàbá kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá bá wa ní mọ́sálásí. Bàbá náà kò tíì jókòó tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àáfà, ẹ gbà mí o. Ọmọ yìí ti ya kèfèrí mọ́ mi lọ́wọ́." A ní kí ó jókòó ná. A bi í pé kí ni ó ṣẹlẹ̀. Ó ní àwọn jọ wo sinimá kan nínú ilé ni, níbi tí ẹni tí ó gba Ọlọ́hun gbọ́ ti ń bá ẹni tí ó ní kò sí Ọlọ́hun jiyàn. Nígbà tí ó parí, bàbá ń pàtẹ́wọ́ pé ẹni tí ó gba Ọlọ́hun gbọ́ ni ó borí. Ọmọ kò pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yìn ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ni èmi wà."

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn sílẹ̀ díẹ̀. A óò padà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ohun tí ó wà nínú sinimá náà, nítorí àwa náà lọ wò ó kí á má baà sọ̀rọ̀ lórí ohun tí a kò rí.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, ó sì jáde ní oṣù kẹta ọdún 2014. Orúkọ rẹ̀ ni God's Not Dead, ìyẹn ni pé Ọlọ́hun kò kú. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n ṣe é. Owó tí wọ́n ná lé e lórí jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 dọ́là, ṣùgbọ́n èyí tí ó pa wọlé lé ní mílíọ̀nù 60 dọ́là. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá ìdáhùn sí ni.

Ìtàn rẹ̀ rèé. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní yunifásítì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Radisson. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sórí ìwé pé Ọlọ́hun ti kú, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Gbogbo wọn kọ ọ́, àfi ọmọ kan tí ń jẹ́ Josh. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní tí kò bá kọ ọ́, àfi kí ó dúró níwájú kíláàsì, kí ó fi ẹ̀rí hàn pé Ọlọ́hun wà, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ṣe adájọ́. Wọ́n jiyàn lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìgbà ìkẹyìn, ọmọ náà bi ọ̀jọ̀gbọ́n léèrè pé kí ló dé tí ó fi kórìíra Ọlọ́hun. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ìbínú dáhùn pé Ó ti gba gbogbo ohun tí òun ní lọ́wọ́ òun. Ìyá rẹ̀ ni àrùn jẹjẹrẹ pa nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méjìlá. Ọmọ náà wá bi í pé báwo ni ènìyàn ṣe lè kórìíra ẹni tí kò sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò rí èsì fọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní Ọlọ́hun kò kú. Kò pẹ́ sí i, mọ́tò gbá ọ̀jọ̀gbọ́n náà nínú òjò, ó gba Ọlọ́hun gbọ́ níbi tí ó ń kú sí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè ọmọ náà dára. Àwa náà mi orí nígbà tí a gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí a ti ń wò ó, ohun mẹ́ta kọ wá lóminú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a sì fẹ́ sọ.

Èkíní. Àwọn bàbá wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tí ó kọ sinimá yẹn, òun ni ó fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu ọmọ náà, òun náà ni ó fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó fẹ́ kí ọ̀jọ̀gbọ́n ṣubú, ó sì ṣubú. Ìjà tí ènìyàn bá òjìji ara rẹ̀ jà, ta ni yóò borí níbẹ̀ bí kò ṣe òun? Bí ọmọ wa bá wo irú èyí, tí ó wá rò pé gbogbo ẹni tí kò gba Ọlọ́hun gbọ́ ni ó burú tí ó sì ń kanra, ọjọ́ tí ó bá pàdé èyí tí ó níwà, ọ̀rọ̀ yóò dàrú mọ́ ọn lójú.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ láti ilé. Tai Solarin ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tí wọ́n bí ní ọdún 1922 tí ó sì kú ní ọdún 1994, kò fi bò rí pé òun kò gbà pé Ọlọ́hun wà. Gbogbo Nàìjíríà ni ó mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1956 òun àti ìyàwó rẹ̀ Sheila dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé, wọ́n sì kọ́ wọn láti fi ọwọ́ ara wọn dáko kí wọ́n sì ṣiṣẹ́. Ṣòkòtò péńpé kákí ni ọkùnrin náà ń wọ̀ kiri. Nítorí ọ̀rọ̀ tí ó ń kọ, ìjọba ológun tì í mọ́lé ní ọdún 1984. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí kàwé lọ́dọ̀ rẹ̀. A kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ nípa Ọlọ́hun, a kò sì ní gbà láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́ nítorí Ọlọ́hun: iye nínú àwa tí a ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ tí ó bá ọmọ ọlọ́mọ ṣe tó bẹ́ẹ̀, kò pọ̀. Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún wa nínú Súratul Mọ́ídà pé kí ìkórìíra ìjọ kan má mú wa ṣe aláìṣòdodo. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá aláìgbàgbọ́ jiyàn, kí ó kọ́kọ́ ṣe òdodo sí i.

Èkejì. Ikú ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn. Ìdùnnú ni wọ́n fi parí sinimá náà, wọ́n ń kọrin. Àwa kò rí ohun tí a óò torí rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ó wà nínú hadíìsì pé wọ́n gbé òkú kan kọjá níwájú Ànọ́bì wa, ó sì dìde dúró. Wọ́n sọ fún un pé òkú Yahúdì ni. Ó dá wọn lóhùn pé ṣé kì í ṣe ẹ̀mí ni. Ànọ́bì tí ó dìde fún òkú ẹni tí kì í ṣe ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ṣé yóò bá wa yọ̀ nígbà tí mọ́tò bá gbá ẹni tí ó bá wa jiyàn?

Ẹ̀kẹta ni ó kàn wá jù. Ọmọbìnrin Mùsùlùmí kan wà nínú sinimá náà tí ń jẹ́ Ayisha. Ó ń gbọ́ wáàsí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ mọ̀, ó gbá a, ó sì lé e jáde kúrò nílé. Gbogbo Mùsùlùmí tí ó wò ó ni ó bínú. Àwa náà bínú. A ní wọ́n ń bà wá lórúkọ jẹ́ ni, àti pé bí wọ́n ṣe ya ọ̀jọ̀gbọ́n ní àwòrán ẹhànnà ni wọ́n ya bàbá Mùsùlùmí náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbínú wa rọlẹ̀, ọkàn wa bi wá léèrè pé: ìwọ àáfà, ṣé o kò ṣe é rí?

Ibí yìí ni a ti padà sí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn.

Bàbá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lọ, ọmọ náà kò wí nǹkan kan. A ní kí bàbá yọ̀ǹda wa díẹ̀. Nígbà tí ó ku àwa méjì, ọmọ náà gbójú sókè, ó ní, "Àáfà, ẹ ò rántí mi." A wo ojú rẹ̀ títí, a kò rántí. Ó ní, "Èmi ni ọmọ tí ẹ ní kó jáde." Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ náà sọ sí wa lọ́kàn.

Ní ọdún 2019 ni. Ẹ̀yin ará Àpápá, ẹ kò ní gbàgbé àwọn ọdún yẹn. Tírélà àti táńkà tò láti ẹnu ọ̀nà èbúté títí wọ inú títì márosẹ̀ Òṣòdì, wọ́n sùn sójú ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ jáde láti Boundary, Ọlọ́hun nìkan ni ó mọ ìgbà tí yóò dé ibi tí ó ń lọ. Ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà yẹn, ilé kéwú wa ni ó ń wá. Ìyá rẹ̀ ń rọbí lóru ọjọ́ kan, wọ́n gbé e sínú mọ́tò, tírélà dí iwájú, tírélà dí ẹ̀yìn. Inú mọ́tò yẹn ni obìnrin náà kú sí pẹ̀lú oyún inú rẹ̀. Inna lillahi wa inna ilayhi raji'un.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ náà padà wá sí ilé kéwú. Bí a ti ń kọ́ wọn lọ́wọ́, ó nàka sókè. Ó ní, "Àáfà, ẹ ní Ọlọ́hun ń gbọ́ àdúà. Èmi àti bàbá mi ń ṣe àdúà nínú mọ́tò yẹn. Níbo ni Ọlọ́hun wà?"

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ojú ń tì wá láti sọ èsì tí a fọ̀. A jágbe mọ́ ọn. A ní, "Ṣé o fẹ́ ya kèfèrí ni? Dìde, jáde, lọ tọrọ àforíjì!" Àwọn ọmọ yòókù fi rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó mú wàláà rẹ̀, ó jáde. Kò padà wá mọ́. Àwa náà kò bèèrè rẹ̀. Ọmọ òrukàn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀, a lé e jáde kúrò nílé Ọlọ́hun, a sì jókòó síbẹ̀ a ń bá ìkéwú lọ.

Ẹ ṣí Àlùkùránì sí Súratul Mọ́únì. Ọlọ́hun bi Ànọ́bì Rẹ̀ léèrè bóyá ó ti rí ẹni tí ó ń pe ẹ̀sìn ní irọ́. Èèyàn yóò rò pé yóò sọ pé ẹni tí ó ń jiyàn ni. Rárá o. Ọlọ́hun ní ẹni náà ni ó ń ti ọmọ òrukàn dànù. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìgbà mélòó ni a ti ka súrà yìí? Ní ọjọ́ yẹn ní ilé kéwú wa, ta ni ó pe ẹ̀sìn ní irọ́: ọmọ tí ó bèèrè ni, àbí àáfà tí ó lé e?

Kì í ṣe pé ẹ̀sìn wa kò ní èsì o. Ó ní. Àríyànjiyàn lórí wíwà Ọlọ́hun kò bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó wà nínú Súratul Bákárà bí Ànọ́bì Ibrahim ṣe bá ọba kan jiyàn, ọba tí ó ní òun náà ń jí òun náà ń pa. Ibrahim ní Olúwa òun ń mú òòrùn jáde láti ìlà oòrùn, kí ọba yẹn mú un jáde láti ìwọ̀ oòrùn. Ẹnu ọba wọhò. Àwọn tí wọ́n ní ìgbà nìkan ní ń pa ènìyàn, tí kò sí Ọlọ́hun, Àlùkùránì ti sọ ọ̀rọ̀ wọn nínú Súratul Jásíyà. Àwọn ni àwọn onímọ̀ wa ń pè ní Dahri.

Àwọn àáfà wa máa ń sọ ìtàn Imaamu Abu Hanifa, ẹni tí wọ́n bí ní Kufa ní ọdún 699, tí ó kú ní Baghdad ní ọdún 767. Wọ́n ní Dahri kan pè é wá jiyàn. Imaamu pẹ́ kí ó tó dé. Wọ́n bi í pé kí ló dá a dúró. Ó ní òun dé etí odò, òun kò rí ọkọ̀, ni igi bá wó fúnra rẹ̀, ó la ara rẹ̀ sí pákó, pákó to ara wọn pọ̀ di ọkọ̀, ọkọ̀ sì gbé òun kọjá láìsí atukọ̀. Dahri ní orí Imaamu ti dàrú. Imaamu ní bí ọkọ̀ kan kò bá lè dá ara rẹ̀ ṣe, báwo ni ayé yìí pẹ̀lú òòrùn, òṣùpá àti òkun rẹ̀ ṣe lè dá ara rẹ̀ ṣe?

Àwa tí a ń gbé lẹ́bàá èbúté ni ìtàn yìí yẹ kó tètè yé. Ọkọ̀ ńlá tí ó kó kọ̀ntéńà láti òkè òkun kì í dá wọ Àpápá tàbí Tin Can. Ẹni tí ó mọ ojú omi Èkó, tí àwọn ará èbúté ń pè ní páílọ́ọ̀tì, ni yóò lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu òkun, yóò gun orí rẹ̀, yóò sì júwe ọ̀nà títí yóò fi gúnlẹ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Wharf Road bóyá kọ̀ntéńà kan ti fò sórí tírélà fúnra rẹ̀ rí. Yóò fi yín rẹ́rìn-ín. Àyànmọ́ ìràwọ̀ lójú sánmà wá pé ju ti ọkọ̀ Àpápá lọ.

Àwọn ọmọ wa sì máa ń bèèrè pé, "Ta ló wá dá Ọlọ́hun?" Ẹ má gbá wọn létí. Ànọ́bì wa ti sọ ọ́ sílẹ̀ pé Ṣàìtáánì yóò máa bi ènìyàn pé ta ni ó dá èyí, ta ni ó dá tọ̀hún, títí yóò fi bi í pé ta ni ó dá Olúwa rẹ̀. Ó ní kí ẹni náà wá ìṣọ́ra lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, kí ó sì dúró níbẹ̀. Ìdí tí a fi ń dúró níbẹ̀ ṣeé ṣàlàyé fún ọmọdé. Ẹ mú un lọ wo reluwé tí ń kó ẹrù ní èbúté. Wágúnù ẹ̀yìn, èyí tó wà níwájú rẹ̀ ló ń fà á. Èyí náà, ti iwájú rẹ̀ ló ń fà á. Ṣùgbọ́n bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ wágúnù, kódà kí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ̀rún, ìkankan kò ní mì. Ó di dandan kí ẹ́ńjìnnì wà níwájú, èyí tí nǹkan kan kò fà. Ẹni tí ó bèèrè pé kí ló ń fa ẹ́ńjìnnì, kò tíì mọ ohun tí ẹ́ńjìnnì jẹ́ ni. Gbogbo ohun tí ó ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ń wá ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọlọ́hun kò ní ìbẹ̀rẹ̀, bí Súratul Ikhlásì ti kọ́ wa pé a kò bí I.

Àwọn ẹ̀rí wọ̀nyí dára, kí á kọ́ wọn fún ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ẹ̀rí lè mú ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà, Ọlọ́hun ni ó ń ṣí ọkàn. Ọmọ tí ó jókòó níwájú wa yẹn, kì í ṣe ọkọ̀ Abu Hanifa ni ó ń wá. Ìyá rẹ̀ ni ó ń wá.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a bẹ̀ ẹ́. A ní, "Ọmọ mi, a ṣẹ̀ ọ́. Dárí jì wá nítorí Ọlọ́hun." Ó wò wá bí ẹni pé kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu àáfà. Lẹ́yìn náà ni a wá dáhùn ìbéèrè tí ó bi wá ní ọdún 2019.

A ní, o bèèrè ibi tí Ọlọ́hun wà. Jẹ́ kí á jọ bèèrè ẹni tí ó dí ọ̀nà. Súratu Rúmù sọ fún wa pé ìbàjẹ́ ti hàn lórí ilẹ̀ àti lórí omi nítorí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn. Ní oṣù kejì ọdún 2021 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ pe tírélà wọ èbúté ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà gbà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí kò tilẹ̀ tán pátápátá. Bí ọwọ́ ènìyàn bá lè tún un ṣe, a jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó bà á jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí á máa di ẹrù àwa ènìyàn ru Ọlọ́hun. Tẹ̀mí-tẹ̀mí àwọn tí wọ́n dí ọ̀nà yẹn nítorí owó ni Ọlọ́hun yóò bi léèrè.

A tún ní, Ànọ́bì wa mọ ohun tí ó ń ṣe ọ́. Bàbá rẹ̀ kú kí wọ́n tó bí i. Ó jẹ́ nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ọmọ rẹ̀ Ibrahim kú lọ́wọ́ rẹ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n inú sinimá ṣòfò ìyá rẹ̀ ní ọmọ ọdún méjìlá, ó sì kọ ẹ̀yìn sí Ọlọ́hun. Ànọ́bì ṣòfò ju bẹ́ẹ̀ lọ, Ọlọ́hun sì rán an létí nínú Súratu Dúhà pé òun rí i ní ọmọ òrukàn, òun sì fún un ní ibùgbé. Ìbànújẹ́ kì í ṣe àìgbàgbọ́.

Ohun tí a sọ gbẹ̀yìn ni pé Ànọ́bì ka obìnrin tí ó bá kú pẹ̀lú oyún nínú mọ́ àwọn tí wọ́n kú ikú ṣẹ̀ẹ̀dì, àwọn ẹni ọ̀wọ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ọmọ náà dákẹ́. Ó bi wá pé, "Ìyá mi náà?" A ní, "A ń retí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun." Ó bú sẹ́kún. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohun tí ó sọ ni pé, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi nígbà yẹn?"

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, a kò rí èsì kankan fọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn, ẹnu tiwa náà wọhò.

Nítorí èyí ni a fi ń rọ ẹ̀yin òbí, àti àwa àáfà, lórí ohun mẹ́rin.

Àkọ́kọ́, kí á má ṣe pe ìbéèrè ní àìgbàgbọ́. Ànọ́bì Ibrahim fúnra rẹ̀ bẹ Olúwa rẹ̀ pé kí Ó fi hàn òun bí Ó ṣe ń jí òkú. Ọlọ́hun bi í bóyá kò gbàgbọ́ ni; ó ní òun gbàgbọ́, kí ọkàn òun lè balẹ̀ ni. Àwọn sàábé kan náà wá sọ fún Ànọ́bì pé àwọn ń rí nínú ọkàn àwọn ohun tí ó wúwo láti fi ẹnu sọ. Ó ní ìgbàgbọ́ tí ó hàn gbangba nìyẹn. Ẹni tí iyè méjì ń dà láàmú, ó ṣì ń wá Ọlọ́hun.

Èkejì, kí á fi ohùn tútù dáhùn. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Ọlọ́hun rán Musa sí Fir'auna tí ó pe ara rẹ̀ ní olúwa, síbẹ̀ Ó ní kí ó bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmọ rẹ kò tó Fir'auna. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá Ànọ́bì wa pé kí ó yọ̀ǹda òun láti ṣe sìná. Àwọn ènìyàn jágbe mọ́ ọn. Ànọ́bì ní kí ó súnmọ́ òun, ó bi í bóyá yóò fẹ́ irú rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì ṣe àdúà fún un.

Ẹ̀kẹta, kí á má ṣe fi ipá wá ohun tí ipá kò lè mú wá. Ní ọdún 2014 kan náà tí sinimá yẹn jáde, àwọn ẹbí Mubarak Bala ní Kano gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ nítorí ó ní òun kò gba Ọlọ́hun gbọ́ mọ́. Ní ọdún 2020 wọ́n mú un nítorí ọ̀rọ̀ tí ó kọ sórí Facebook. Ní ọdún 2022 ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún 24. Ní ọdún 2024 ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín in kù sí ọdún 5. Ó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2025. Àwa kì í ṣe adájọ́, ọ̀rọ̀ àbùkù sí Ànọ́bì wa sì máa ń dùn wá wọra. Ohun tí a ń sọ fún ẹ̀yin òbí ni pé ilé ìwòsàn kò dá ìgbàgbọ́ padà fún un, ẹ̀wọ̀n náà kò sì dá a padà. Ọlọ́hun ti sọ pé kò sí ìfipá-múni nínú ẹ̀sìn.

Ẹ̀kẹrin, kí á má ṣe ti ilẹ̀kùn. Ọmọ Ànọ́bì Nuhu kọ̀ láti wọ ọkọ̀, síbẹ̀ bàbá rẹ̀ ń pè é títí ìgbì omi fi dí àárín wọn. Omi ni ó ya wọ́n, kì í ṣe bàbá ni ó lé ọmọ. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ẹ jẹ́ kí á fi tòsì fà á mọ́ra.

Ẹ lè fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn dé. A kò ní parọ́ fún yín bíi ti sinimá. Kò tíì padà sí ojú sáàfù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni ó ti ń wá bá wa ṣínu. Ó ń bá wa pín omi àti ọsàn, ó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí títí a óò fi kírun tán, òun àti bàbá rẹ̀ a sì jọ rìn lọ sílé. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ó tún bi wá ní ìbéèrè mìíràn, ìbéèrè náà le. A ní kí ó jókòó, kí á jọ wò ó.

Kí Ọlọ́hun foríjì ìyá rẹ̀ àti gbogbo òkú Mùsùlùmí. Kí Ó dárí jì wá fún gbogbo ọmọ tí a ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà Rẹ̀. Kí Ó fi ìgbàgbọ́ sí ọkàn àwọn ọmọ wa, kí Ó sì fi sùúrù sí ọkàn àwa tí a bí wọn. Kí Ó gba ààwẹ̀ àti ìrun wa. Àmín.